Gbèsè Tí Mi Ò Mọ̀: Ṣé Kí N San Án Ni, Àbí Kí N Sẹ́?

Mo ní ìbéèrè kan fún yín lónìí. Bí ìwé bá dé bá yín nílé, tàbí tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù yín, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé ẹ jẹ gbèsè N47,000, pé bí ẹ ò bá san án kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ẹni tó mọ̀ yín ló máa gbọ́. Tí ẹ wá ronú títí, tí ẹ ò rántí ọjọ́ tí ẹ yá irú owó bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa ṣe? Ṣé ẹ máa yára san án kí ariwo má baà ta ni? Ṣé ẹ máa fa ìwé náà ya ni? Àbí ẹ máa figbe ta pé, "Irọ́ ni o! Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀"?

Ẹlòmíràn á ní kí ló ṣòro nínú ìyẹn. Ẹni tó bá jẹ, kó san; ẹni tí kò bá jẹ, kó má san. Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ pé owó nìkan ló wà nínú gbèsè. Ṣùgbọ́n orúkọ wà níbẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀, ẹbí àti ará àdúgbò náà wà níbẹ̀. Àwọn baba wa ló sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọ Yorùbá bẹ̀rù ẹ̀sín tó báyìí, ó ti mọ ibi tó lè dì mú tí owó á fi jáde.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ògòtún Èkìtì, ìlú tí gbogbo wa mọ̀ mọ ẹní híhun. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń hun ẹní tà. Kò yá owó lọ́wọ́ báńkì rí láyé rẹ̀. Àjọ ló ń dá, bó bá sì kó àjọ, á fi ra ohun èlò, á fi san owó ilé ìwé. Ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ kan wà l'Ékòó tó yá owó lórí fóònù. Ọmọ yìí ò sọ fún ìyá wa tẹ́lẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà ìyá wa wà nínú fóònù rẹ̀. Ọjọ́ pé, ọmọ ò rówó san. Ni àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé sórí fóònù ìyá ní Ògòtún pé òun ni onídùúró, pé kó tètè sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á lẹ àwòrán rẹ̀ káàkiri gẹ́gẹ́ bí gbájúẹ̀. Ìyá ò lè ka gẹ̀ẹ́sì. Ọmọdé kan ló kà á fún un lójú ọjà, etí mẹ́rin márùn-ún sì ti gbọ́ kí ọmọ náà tó kà á tán. Kí ni kí ìyá yìí ṣe?

Àpèjúwe ni mo fi ìyá yẹn ṣe o. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì wà lákọsílẹ̀ ìjọba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé iṣẹ́ Soko Lending, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Soko Loan. Ẹnìkan ló yá owó lọ́dọ̀ wọn, kò sì sí owó tó tó nínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kí wọ́n yọ owó wọn. Ni wọ́n bá ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀. Nígbà tí NITDA wádìí, ó hàn pé àwọn tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ò sí nídìí owó tí wọ́n yá náà rárá, ẹnikẹ́ni ò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn kó tó lo nọ́ńbà wọn.

Kò parí síbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, pẹ̀lú àwọn àjọ ìjọba mìíràn, ya wọ ilé iṣẹ́ àwọn ayánilówó orí fóònù kan n'Íkẹjà, ní Èkó. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, wọ́n gbé ìlànà jáde pé gbogbo àwọn tó ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá forúkọ sílẹ̀. Nígbà tó di 2025, FCCPC tún ṣe òfin tuntun tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìtanràn tó wà nínú rẹ̀ lè tó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ìjọba kì í dédé ṣòfin ìtanràn tó tó báyẹn bí kò bá sí ohun tó ń jẹ aráàlú níyà.

Àmọ́ kí a má ṣe bí ẹni pé fóònù ló kó ìwà yìí wọ ilẹ̀ wa. Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa ológò? Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tó tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ẹnìkan bá jẹ gbèsè tí kò san, wọ́n lè rán ológò sí i. Ológò á wọ ilé ajigbèsè, á jókòó tẹ̀ǹtẹ̀, á máa bú u, á máa bá a lọ síbi gbogbo tó bá ń lọ. Oúnjẹ tó bá wù ú ló máa ní kí wọ́n sè fún òun. Bí wọn ò bá tètè gbé e wá, á ki adìẹ ilé mọ́lẹ̀, á pa á jẹ, ọrùn ajigbèsè náà ni gbogbo rẹ̀ ń bọ́ sí. Kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Ní àwọn ibì kan, bí ajigbèsè bá wà ní ìlú mìíràn, ará ìlú rẹ̀ èyíkéyìí tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí ni wọ́n á gbá mú, tí wọ́n á so mọ́lẹ̀ títí àwọn ènìyàn rẹ̀ á fi wá san gbèsè tí ẹni tí wọ́n mú ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá.

Ẹ wá fi wé tòde òní. Èyí tó ń bú ènìyàn kiri ò yàtọ̀ sí ológò. Èyí tó ń fòòró ìyá tó wà ní Ògòtún nítorí gbèsè ọmọ tó wà l'Ékòó ò yàtọ̀ sí àwọn tó ń gbá ará ìlú mú. Ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti yàtọ̀, ibẹ̀ sì ṣe kókó. Àwọn aláṣẹ ìlú ló ń rán ológò ayé àtijọ́. Kó tó jókòó sílé ẹnikẹ́ni, ẹni tó ni owó ti lọ rojọ́, wọ́n sì mọ ẹni tó rán an níṣẹ́. Ológò orí fóònù ńkọ́? Ta ló rán an? Ta ló gbọ́ ẹjọ́ náà? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òun kan náà ló ni ẹjọ́, òun ló dá a, òun náà ló tún ń gba owó ìtanràn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹlòmíràn á ní, "Gbogbo ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n iyì ju owó lọ. Jẹ́ ká san án ká lè rí oorun sùn." Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa wọ ọ̀pọ̀ ará Èkìtì lára, torí pé ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wọn. Mi ò fojú tẹ́ńbẹ́lú iyì. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹni tó san gbèsè tí kò jẹ, ó ti fi owó ara rẹ̀ jẹ́rìí èké mọ́ ara rẹ̀. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò la ẹnu rẹ̀, owó tó kà sílẹ̀ ti sọ pé, "Lóòótọ́ ni, mo jẹ ẹ́." Iyì wo ló wá wà nínú irọ́? Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó yẹn ì bá ti ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹni tó fi ìdẹ́rùbà gba owó lọ́wọ́ rẹ ti mọ̀ pé ìdẹ́rùbà ń mówó wọlé. Ilé aládùúgbò rẹ ló kàn. Owó tí o fi ra ìdákẹ́jẹ́ tìrẹ, ariwo ló máa dà ní ilé ẹlòmíràn.

Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, ìbínú ni tirẹ̀. Kò tíì ka ìwé náà dé ìdajì tó ti ń sẹ́ pé òun ò jẹ. Òun náà ń yára jù. Ṣé gbogbo ohun tí a kò rántí ni kò ṣẹlẹ̀? Ó lè jẹ́ pé lóòótọ́ lo fọwọ́ sí ìwé onídùúró fún ọ̀rẹ́ rẹ kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé ọjà àwìn ni, tí o san apá kan tí apá kan ṣẹ́ kù. Ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tí o yá owó lọ́dọ̀ wọn ti fa gbèsè náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé orúkọ tó wà lórí ìwé ni o ò mọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Ẹni tó bá ń sẹ́ gbèsè lásán, ará ilé rẹ̀ tó ṣe olóòótọ́ ni kò ní rí owó yá lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo rò pé ó jẹ́ òkodoro ọ̀rọ̀ yìí. "Mi ò mọ̀ ọ́n" yàtọ̀ sí "Mi ò jẹ ẹ́." Ẹni tó sọ pé òun ò jẹ, ó ti dá ẹjọ́. Ẹni tó san, òun náà ti dá ẹjọ́. Àwọn méjèèjì dá ẹjọ́ láìtíì gbọ́ ẹjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé, "Mi ò mọ gbèsè yìí, ẹ fi hàn mí," ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé ló dúró sí. Kò purọ́ mọ́ ara rẹ̀, kò sì purọ́ mọ́ ẹni tó ń béèrè owó. Bíbéèrè ẹ̀rí kì í ṣe sísẹ́ gbèsè. Ojúṣe ẹni tó ní òun ni owó ni láti fi ẹ̀rí hàn, ojúṣe ẹni tí wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni láti yẹ ẹ̀rí náà wò pẹ̀lú ọkàn tó mọ́.

Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí o. Àwọn Mùsùlùmí mọ̀ pé nínú Àlùkùráánì, Súrà kejì, ẹsẹ 282, àṣẹ wà níbẹ̀ pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Òfin ẹ̀rí ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2011, ní abala 131, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ dá òun láre lórí ọ̀rọ̀ kan ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ṣòfin láti 1977 pé ẹni tó ń gba gbèsè kiri gbọ́dọ̀ fi iye owó náà àti orúkọ ẹni tó ni ín ránṣẹ́. Bí ẹni tí wọ́n ní ó jẹ bá kọ̀wé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ pé òun ń jiyàn gbèsè náà, agbowó gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí á fi mú ẹ̀rí wá. Ibi tí òyìnbó fi òfin gbé e kà yẹn, ibẹ̀ náà ni ọmọlúàbí ń fi ìwà gbé e kà.

Ó wá ku gbèsè òkú, èyí tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí baba bá kú, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi yọjú pé, "Baba yín jẹ mí." Ọmọ ò mọ̀, baba ò sì sí láyé mọ́ láti dáhùn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi máa ń kéde níbi ìsìnkú pé ẹni tí olóògbé bá jẹ ní gbèsè, kó sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì jẹ olóògbé, kó jáde wá. Ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀, torí pé ẹni tó bá fẹ́ purọ́ mọ́ òkú á rántí pé àwọn tó mọ òtítọ́ wà níjòókòó. Bí ẹ̀rí bá wà, inú ohun tí òkú fi sílẹ̀ ni a ti ń san án, kí a tó pín ogún. Bí ẹ̀rí ò bá sí, kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ sọ pé, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ yá wọn?" Ó fọ̀wọ̀ béèrè, kò sì tàbùkù ẹnikẹ́ni.

Ká padà sọ́rọ̀ ìyá tó ń hun ẹní. Gbèsè yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Kò fọwọ́ síwèé, kò gbà láti dúró fún ẹnikẹ́ni, ẹbí kì í sì í ṣe ìwé àdéhùn. Ṣé kó wá fi ọmọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Rárá o. Bí àánú ọmọ bá ṣe é, tó sì ní i lọ́wọ́, kó ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ kó mọ̀ pé àánú ni òun ń ṣe, kí ọmọ náà sì mọ̀. Àánú, ẹni tó ń ṣe é ló ń sọ ìgbà tó máa ṣe é àti iye tó máa jẹ́. Gbèsè, ọ̀ranyàn ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ gbèsè fipá gba àánú lọ́wọ́ yín. Ọmọ yẹn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́, torí ó yẹ kó ti pe ìyá ṣáájú kí àtẹ̀jíṣẹ́ tó dé.

Ní báyìí, báwo ni kí ènìyàn ṣe dáhùn irú ìwé bẹ́ẹ̀? Àkọ́kọ́, ẹ má dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èkejì, ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ẹ má sì tẹ ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ tẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà tàbí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà láti ibòmíràn, torí gbájúẹ̀ lè máa jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ tòótọ́. Ẹ má sọ nọ́ńbà BVN yín fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì yín. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣókí: "Mi ò mọ gbèsè yìí. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó yá owó, ọjọ́ tó yá a, iye tó yá àti iye èlé tó ti gorí rẹ̀. Ẹ fi ìwé tí mo fọwọ́ sí hàn mí, kí ẹ sì jẹ́ kí n mọ ẹni tó fún yín láṣẹ láti gbà á." Ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sọ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fi owó díẹ̀ pa wọ́n lẹ́nu mọ́, ẹ má sì kọ ọ́ pé, "Ẹ ní sùúrù, màá san án," nígbà tí ẹ ò tíì rí ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní Èkó, fún àpẹẹrẹ, bí ọdún mẹ́fà bá kọjá lórí gbèsè àdéhùn lásán, ilé ẹjọ́ kì í gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ajigbèsè bá san díẹ̀ níbẹ̀, tàbí tó kọ ọ́ sínú ìwé pé òun jẹ ẹ́, kí ọdún mẹ́fà náà tó pé, ọjọ́ yẹn ni wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rí i bí ẹgbẹ̀rún méjì náírà tí ènìyàn fi ra àlàáfíà ṣe lè dá gbèsè sí i lọ́rùn?

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má bẹ̀rù bí wọ́n bá ní ọlọ́pàá ń bọ̀. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà sọ ọ́ ní 2018, nínú ẹjọ́ báńkì Diamond àti Opara, pé iṣẹ́ àjọ EFCC kì í ṣe gbígba gbèsè kiri fún báńkì. Bí ìhàlẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ gbé ìwé yín lọ bá FCCPC. Bí ẹ bá sì fura pé ẹnìkan ló fi orúkọ yín yá owó, òfin ọdún 2017 lórí àkọsílẹ̀ gbèsè fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún un ṣe bí kò bá tọ̀nà.

Ìbéèrè kan ló kù, òun ló sì le jù. Bí ẹ̀rí bá dé ńkọ́, tí ẹ rí ọwọ́ ara yín lórí ìwé, tí ẹ rántí, ṣùgbọ́n tí ọdún mẹ́fà ti kọjá, tí ilé ẹjọ́ ò lè fipá mú yín mọ́? Níbẹ̀ ni a ti máa mọ ẹni tó ń béèrè ẹ̀rí nítorí òtítọ́, tí a ó sì mọ ẹni tó kàn ń wá ibi tó máa gbà sá. Òfin lè ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́, àmọ́ owó olówó ò tìtorí ìyẹn di tẹni tó jẹ ẹ́. Bí ẹni tó yá wa lówó bá ṣì wà láàyè, tàbí tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà, tí a sì mọ̀ pé owó wọn wà lọ́wọ́ wa, ẹ jẹ́ ká wá ọ̀nà láti san án, ì báà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ti ń sọ pé, "Ẹ fi hàn mí," tí wọ́n wá fi hàn án, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún un láti sọ: "Mo ti rí i. Ẹ wá gbowó yín."